Láíbìrì Wo Ló Mọ Àmì Ohùn?

Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n ṣàlàyé ohun tí àwa kan nínú JETS Club ń ṣe sórí tábìlì ẹgbẹ́ Yorùbá fún Ọjọ́ Èdè Abínibí, 21 February. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má kọ ọ́ bí ẹni ń kọ practical physics. Màá gbìyànjú, àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí mi ò ní dárúkọ báìtì. Ẹ fara dà á fún mi.

Iṣẹ́ náà kò le lójú rárá. A fẹ́ kí sìkíríìnì kékeré kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, máa kí àlejò tó bá dé ìdí tábìlì wa: "Ẹ káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ Yorùbá." Lẹ́yìn ìyẹn kó gbé òwe kan jáde, kó tún sọ orúkọ ẹni tó kàn láti kéwì. Arduino Uno tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà ni yóò máa darí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Hausa ti parí tiwọn láàárín prep kan ṣoṣo. "Barka da zuwa" ni wọ́n kọ, ó sì jáde láìsí wàhálà. Ká ní ɓ tàbí ɗ tàbí ƙ wà nínú ìkíni wọn ni, à bá jọ jókòó sunkún pọ̀ ni. Ọ̀kankan kò sí níbẹ̀, orí ló bá wọn ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú JETS, tí kì í ṣe Yorùbá ṣùgbọ́n tó mọ ẹ̀rọ jù mí lọ, ní kí a kàn kọ "E kaabo" kí ọ̀rọ̀ tán. Ó ní ta ló máa wò ó? Mo mọ̀ pé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Bí a bá fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ń jẹ́ Òjó láìsí àmì, kí ni yóò jáde lójú sìkíríìnì? Ojo. Ìyẹn ni ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà ṣáá. Yí àmì padà, ó di òjò tó ń rọ̀. Fi àmì sábẹ́, ó di ọjọ́. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá rí "Ojo" yóò mọ̀ pé orúkọ ni, torí ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ní Jos níbí ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn àbúrò wa ní JSS, ilé nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá, ìyẹn nígbà ìsinmi. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọn yóò kà. Patron wa tiẹ̀ sọ ọ́ ní ṣókí: bí kò bá ní àmì, kí a kúkú fi chalk kọ ọ́ sórí pátákó, torí chalk mọ àmì ohùn.

Bó ṣe di pé à ń wá láíbìrì nìyẹn.

Láíbìrì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń yá ìwé o. Kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ni, tí èèyàn kàn máa pè wọ inú tirẹ̀. Ó dà bí kéèyàn ra èlùbọ́ lọ́jà dípò kó máa bó iṣu, kó bọ̀ ọ́, kó sá a, kó sì lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní òun yóò fọwọ́ ara òun kọ gbogbo àṣẹ tí sìkíríìnì ń gbọ́, ìwé àlàyé chip náà nìkan lè gba odindi term lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn ní yanrìn. Òmíràn dára, ìkòkò tirẹ ni kò gbà á. Arduino bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà, láti ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń kọ láíbìrì fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Fún sìkíríìnì kan ṣoṣo, ẹ ó rí oríṣiríṣi. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ta ni wọ́n ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti báìtì yẹn kí n lè bọ́ níbẹ̀. Chip tó wà lórí Uno, ATmega328P, ní báìtì 2,048 péré fún RAM, ìyẹn ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Flash rẹ̀, níbi tí kóòdù fúnra rẹ̀ ń gbé, jẹ́ 32 KB. Létà Gẹ̀ẹ́sì kan ń gba báìtì kan. Tiwa ńkọ́? Nínú UTF-8 tí a fi ń kọ̀wé sínú kóòdù wa, à ń gba méjì, ẹ ń gba mẹ́ta, ọ̀ ń gba márùn-ún, nítorí pé ọ dá wà, àmì orí rẹ̀ náà dá wà. "Barka da zuwa" jẹ́ báìtì 13. "Ẹ káàbọ̀" tí kò ju létà mẹ́fà lọ jẹ́ 15! Láíbìrì tó bá gbà pé báìtì kan ni létà kan yóò ka ọ̀ yìí sí létà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì da pàǹtírí márùn-ún sílẹ̀ lójú sìkíríìnì. Bí ẹ bá ti rí Yorùbá tó ti di wúruwùru lójú ẹ̀rọ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí ló fà á.

LCD oníìlà méjì la kọ́kọ́ yẹ̀ wò, èyí tó ń gba létà 16 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. HD44780 ni chip tó ń darí irú rẹ̀, Hitachi ló kọ́kọ́ ṣe é. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ létà sínú rẹ̀, láíbìrì kankan kò sì lè yí wọn padà. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, létà àwọn ará Japan wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Wá ẹ, kò sí. Wá ọ, kò sí. Ṣ kò tiẹ̀ yọjú. Àyè mẹ́jọ péré ló ṣẹ́ kù fún létà tí èèyàn bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Mo ka ìkíni wa lórí ìwé: Ẹ, á, à, ọ̀, í, ẹ, ẹ́, ù. Mẹ́jọ géérégé! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú prep. Àmọ́ "Ẹ ṣeun" tó yẹ kó tẹ̀ lé e ti mú ṣ dání, ìyẹn di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Èèyàn lè pa létà kan rẹ́ kó fi òmíràn sí àyè rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yí, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí létà ti tẹ́lẹ̀ bá wà lójú LCD ló máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá wá fẹ́ kọ òwe ńkọ́? Fáwẹ̀lì méje ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ 14. Ẹ fi ẹ àti ọ tí kò ní àmì lórí kún un, ó di 16. Pẹ̀lú ṣ, ó di 17, a ò tíì dárúkọ ń àti ǹ, a ò sì tíì dé orí létà ńlá. Àyè mẹ́jọ kò lè gba èrò mẹ́tàdínlógún.

Mi ò kẹ́gàn LCD o. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan lẹ fẹ́ kọ, bí aago tàbí ìwọ̀n ooru, òun ni mo máa sọ pé kí ẹ lò. Láàárín àwọn láíbìrì tirẹ̀, hd44780 tí Bill Perry kọ ni mo fẹ́ràn jù, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wá àdírẹ́ẹ̀sì LCD náà rí, ì báà jẹ́ 0x27, ì báà jẹ́ 0x3F. LiquidCrystal_I2C tí gbogbo èèyàn ń pè lórúkọ, ó ju ẹnì kan lọ tó sọ láíbìrì tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, bíi Táíwò tó pọ̀ ní kíláàsì kan: ti ẹni yìí ń fẹ́ init(), ti ẹni tọ̀hún ń fẹ́ begin(). Àmọ́ bó ti wù kí láíbìrì dára tó, kò lè fún LCD ní àyè kẹsàn-án.

A gbé e tì, a mú OLED. Èyí kò ní létà kankan nínú. Ẹyọ iná kéékèèké ló ní, 128 ní ìbú, 64 ní òró, láíbìrì ló sì máa sọ èyí tó yẹ kó tàn àti èyí tó yẹ kó kú. Ìyẹn ni pé bí láíbìrì bá mọ ọ̀, sìkíríìnì ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Níbí ni yíyàn ti wá di ọ̀rọ̀ gidi.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ Adafruit_SSD1306. Ìdí tó fi fẹ́ ẹ kò burú. Adafruit, ilé-iṣẹ́ tí Limor Fried dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2005, máa ń kọ láíbìrì tó mọ́ lójú, àpẹẹrẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀ tí ọmọ SS1 lè tẹ̀ lé. Òun ni àwọn ẹgbẹ́ Hausa lò. Bí ẹ bá fẹ́ ya bọ́ọ̀lù tó ń ta sókè sódò, kò sí èyí tó rọrùn tó o. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé kò bá tiwa mu.

Àkọ́kọ́, létà. Fọ́ǹtì tó bá a wá kéré gan-an, báìtì kan sí létà kan sì ni. Àwọn fọ́ǹtì míì wà tí èèyàn lè fi kún un, èèyàn sì lè ṣe tirẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ara wa la ó fi ṣe gbogbo àtúmọ̀ láti UTF-8 sí nọ́ńbà fọ́ǹtì náà.

Èkejì, RAM. Láíbìrì yìí máa ń ya gbogbo àwòrán sínú RAM kó tó gbé e lọ sójú sìkíríìnì. Ẹyọ iná 128 lọ́nà 64, tí a bá fi 8 pín in, jẹ́ báìtì 1,024. Ìdajì RAM Uno lọ nìyẹn kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí kóòdù bá dé begin() ló máa ń gba àyè yìí, torí náà kò sí nínú iye tí kọ̀ǹpútà máa ń sọ fún yín lẹ́yìn compile. A sì fẹ́ kí àwọn òwe wa wà lórí SD card, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè fi tirẹ̀ kún un láìfọwọ́ kan kóòdù. Láíbìrì SD náà ń gba báìtì 512 fún àpò tó fi ń kàwé. Ẹ ro ó pọ̀: 1,536. Ohun tó kù fún gbogbo iṣẹ́ yòókù ni 512. Kò tíì di pé kò ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó bá ń gbé inú yàrá hostel tí bùnkì pọ̀ jù yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwa ọmọ boarding. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní yàrá kọ̀ǹpútà wa, fóònù sì jẹ́ ohun tí a kì í dárúkọ. ZIP inú flash ni láíbìrì fi ń wọlé, nígbà visiting tàbí nípasẹ̀ tíṣà tó bá lọ sígboro. Adafruit_SSD1306 kì í dá rìn. Ó nílò Adafruit_GFX, ó tún nílò Adafruit_BusIO. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sílé, compile kò ní lọ, ẹ ó sì dúró de visiting mìíràn. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì kò ní mọ̀ pé èyí jẹ́ nǹkan kan, torí IDE yóò bi í bóyá kó gbé àwọn yòókù wá, yóò sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lójú tèmi, ó yẹ kí ọmọ boarding ka iye ẹrù tí láíbìrì máa gbé wá kó tó ka ẹwà rẹ̀.

Èyí tí mo dìbò fún ni U8g2, tí Oliver Kraus kọ. Òun kò ní kó ará wá, ZIP kan ṣoṣo ni. Àǹfààní rẹ̀ kejì wà nínú orúkọ tí a fi ń pe sìkíríìnì, ó gùn bí oríkì: U8G2_SSD1306_128X64_NONAME_1_HW_I2C. (Bẹ́ẹ̀ ni, "NONAME". Gbogbo oríkì yẹn, orúkọ kò sí níbẹ̀.) Ẹ wo nọ́ńbà 1 tó wà láàárín. Ó túmọ̀ sí pé kí láíbìrì má ya gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, kó ya ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀, kó gbé e sójú sìkíríìnì, kó tún padà wá ya ìdá kejì. Báìtì 128 ni ìyẹn ń jẹ, kì í ṣe 1,024. Bí ẹ bá fi F sí àyè 1, yóò padà di 1,024. Ẹ lè yàn.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Torí pé ìgbà mẹ́jọ ni kóòdù máa ń ya ohun kan náà kí ojú sìkíríìnì tó pé, ó lọ́ra. Bọ́ọ̀lù tó ń ta sókè kò ní dùn-ún wò. Òwe kì í sáré ní tiẹ̀. Ó tún dára pé bí a bá rí sìkíríìnì tó tóbi díẹ̀ lọ́la, tí chip inú rẹ̀ jẹ́ SH1106, ìlà kan péré la máa yí nínú kóòdù.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí. U8g2 mọ UTF-8. Drawàṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ drawUTF8, tí kì í ka ọ̀rọ̀ ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Fọ́ǹtì tó bá a wá sì pọ̀ lọ jàra, ti Lárúbáwá wà, ti Ṣáínà wà. Mo wá ti Yorùbá títí, mi ò rí i. Mo wá rí ti Vietnam. Ẹ ò rí i bí? Àwọn náà ń fi àmì sórí, wọ́n ń fi àmì sábẹ́! Èdè wọn ní ohùn bíi tiwa, àmọ́ àmì abẹ́ létà tí a fi ń mọ ẹ yàtọ̀ sí e, ohùn ni wọ́n fi ń kọ ní tiwọn. Kò kàn wá. Á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù, mẹ́wàá wà níbẹ̀ ní ṣẹpẹ́. Ẹ àti ọ wà. Nínú létà 17 tí mo kà lẹ́ẹ̀kan, 12 ti wọlé láìṣe wàhálà. Àwọn ẹgbẹ́ Igbo tiẹ̀ jàǹfààní jù wá lọ, torí ị, ọ àti ụ wọn wà níbẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n wá yá flash, "Nnọọ" wọn sì jáde kí aago lights-out tó lù.

Márùn-ún ló kù wá kù: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti ṣ. U8g2 máa ń to létà tẹ̀ lé ara wọn ni, kò mọ bí a ti ń gbé àmì lé orí létà tó ṣáájú. Ọwọ́ wa la fi kọ ìyẹn. Function kékeré kan máa ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ. Tó bá bá àmì ohùn pàdé, yóò padà sẹ́yìn díẹ̀, yóò tan ẹyọ iná mẹ́ta ní dídà sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì lórí létà tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Tó bá pàdé ṣ, yóò kọ s, yóò tan ẹyọ iná sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò kún ojú ìwé kan.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti kóòdù, ti ojú ni. Ẹyọ iná mẹ́ta kéré. A kó àwọn ọmọ JSS mẹ́rin wá, a ní kí wọ́n dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí tábìlì, kí wọ́n ka ohun tó bá jáde: ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn ní òun rí eṣinṣin lórí ọ. Èkejì ka gbogbo wọn sí ọkọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. A fa àmì náà gùn ní ẹyọ iná kan, a gbé e sókè kúrò lára létà. Wọ́n tún kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́ta nínú wọn rí àmì náà dáadáa, wọ́n ní ó dà sápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohùn tó yẹ kí wọ́n fi pè é, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn rí. Patron wa wá fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní dò, re, mí níbẹ̀, lójú sìkíríìnì. À ń yí ọ̀rọ̀ padà fún un láti orí kọ̀ǹpútà: igbá, igba, ìgbà, igbà. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi tó ní kí a kọ "E kaabo" náà dúró síbẹ̀, ó ń pè é tẹ̀ lé wọn. Igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ kò yé e rárá, a ní láti ya ọ̀pẹ fún un.

Bó bá jẹ́ ESP32 la ní ni, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 520 KB, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí báìtì 1,024. Ìyàn lórí létà nìkan ni ìbá kù. Ọ̀rẹ́ mi ṣì gbà pé Adafruit ló yẹ kí a fi kọ́ àwọn SS1 ní JETS, mo sì gbà fún un, torí ó yẹ kí nǹkan tètè jáde fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kí ọkàn rẹ̀ má bàa rẹ̀wẹ̀sì.

Ibi tí a dé báyìí: kóòdù náà wà lórí kọ̀ǹpútà kẹrin, nínú fólídà tó ń jẹ́ AMI_OHUN. Gbogbo létà kékeré ti pé, ń àti ǹ náà ti wọlé. Létà ńlá tó ní àmì lórí àti lábẹ́ ló kù, Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́, Ọ̀, torí àyè tó wà lókè wọn kò tó nǹkan, àmì sì ń wọ ara létà. Mẹ́ta nínú òwe tí ẹ kó wá ló fi Ọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwòrán yà, kó wá bá wa lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn inspection. Kí ó mú graph book dání, orí rẹ̀ la ti ń ya létà, àpótí kan sí ẹyọ iná kan.